Ẹ ṣọ́ra o: abọ́ tíì "Hamada" tó ní òǹtẹ̀ nídìí

Ẹ̀yin ènìyàn mi tí ẹ ń ra abọ́ tíì ilẹ̀ Japan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì £450. Ẹni tó ṣe é kò tíì kó igbá rẹ̀ kúrò lọ́jà: abọ́ tó wà lórí tábìlì mi báyìí ni àwòrán tó ṣì fi ń pe oníbàárà, orúkọ mìíràn ló kàn fi bojú.

Iṣẹ́ Hamada Shoji, gbajúmọ̀ amọ̀kòkò ilẹ̀ Japan, ló pè é. Hamada bá Bernard Leach, amọ̀kòkò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí St Ives ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1920, wọ́n jọ dá ẹbu ìkòkò sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó padà sílé, Mashiko, ìlú àwọn amọ̀kòkò ní àríwá Tokyo, ló fi ṣe ibùgbé títí ó fi kú ní 1978. St Ives yìí kan náà ni Michael Cardew ti kọ́ṣẹ́ kó tó wá dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tí à ń pè ní Suleja lónìí, níbi tí Ladi Kwali ti ṣiṣẹ́. Ìfẹ́ ìkòkò Ladi Kwali ló gbé èmi dé ọ̀dọ̀ Hamada. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń tajà náà, ohun tó sì gbá mú nìyẹn.

Glaze ara abọ́ náà ló kọ́kọ́ fà mí lójú, ìyẹn omi òkúta lílọ̀ tàbí eérú tí wọ́n ń dà sára amọ̀ kí iná tó sọ ọ́ di awọ dídán. Ní Mashiko, òkúta àdúgbò ni wọ́n ń lọ̀ kúnná tó ń jáde nínú iná ní pupa bí irin tó dógùn-ún. Kaki ni wọ́n ń pè é. Eérú èèpo ìrẹsì ń di funfun bí omi ògì. Hamada a máa fi ìgbákọ da ọ̀kan lé èkejì, ìdà kan ṣoṣo, kò sí àtúnṣe, etí ibi tó ṣàn dé á sì rí gbágungbàgun. Lára abọ́ tèmi, etí náà gún bí ẹni fi rúlà fà á. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kùn ún. Mo rí i nínú àwòrán, àmọ́ mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Òǹtẹ̀ orúkọ Hamada wà nídìí rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni náà sì ní ẹ̀rí nìyẹn. Irọ́ gbáà ni. Àwọn tó ṣe ní St Ives ní òǹtẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti padà sí Japan ni kò ti fi orúkọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ìdérí àpótí tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ náà sí, èyí tí wọ́n fi igi Japan kan tó ń jẹ́ "kiri" ṣe, ló máa ń kọ ọ́ sí.

Àpótí wá pẹ̀lú tèmi. Ìwé ìròyìn tí wọ́n ká ni wọ́n fi há abọ́ náà mọ́ inú rẹ̀, nítorí àpótí ga tó ìlọ́po méjì abọ́. Mo fi àwòrán ìdérí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan tó gbọ́ èdè Japan. Ó ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "ìkòkò òdòdó". Àpótí ìkòkò òdòdó ẹlòmíràn ni wọ́n fi abọ́ tíì sí! Mo mú aṣọ tútù, mo fi nu ìdí abọ́ náà níbi tí kò ní glaze. Aṣọ náà di pupa rẹ́súrẹ́sú, amọ̀ abẹ́ rẹ̀ sì funfun báláú. Tíì ni wọ́n fi pa á láró kó lè dà bí ohun àtijọ́.

N kò bá abọ́ náà jà. Ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò Mashiko ṣì ń lo kaki títí dòní, wọ́n ń fi orúkọ ara wọn tà á lówó pọ́ọ́kú níbi ọjà ìkòkò tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹni tó bá fẹ́ mu tíì, kó ra ti wọn. Èyí tó dùn mí ni orúkọ òkú tí wọ́n fi jẹun.

Bí ẹ bá fẹ́ dá ọ̀gbẹ́ni yìí mọ̀: kì í fi àwòrán ìdí abọ́ ránṣẹ́ àfi bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, èyí tó fi ránṣẹ́ sí mi gan-an, ti abọ́ mìíràn ni. Á ní ẹlòmíràn ti fẹ́ rà á kílẹ̀ tó ṣú. Owó tààrà sí àkáǹtì rẹ̀ nìkan ló ń gbà, kò gba ọ̀nà tó ní ààbò fún oníbàárà. Nígbà tí mo bèèrè owó mi, ó kọ́kọ́ pè mí ní "ọ̀rẹ́ mi", nígbà tó di alẹ́ ó ti dínà mọ́ mi.

Ẹ ní kó ya abọ́ náà bó ṣe wà nínú àpótí rẹ̀, kó ya ìdérí náà gedegbe, kí ẹ wá ẹni tó lè ka ohun tó wà lórí rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá sì ti sanwó fún un, kó pe báńkì rẹ̀ lónìí, kó má dúró di ọ̀la. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń bá a pàrọwà kí n tó pe tèmi.