Jíìpù tòkunbọ̀: sípíríǹgì irin ni àbí ṣọ́ọ̀kì alátẹ́gùn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra jíìpù n'Íbàdàn, kẹ́ ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn táyà. Ṣé sípíríǹgì irin ló gbé ọkọ̀ náà dúró ni, àbí àpò rọ́bà tí atẹ́gùn kún inú ẹ̀?

Mo ti lo méjèèjì. Tó bá di ká jókòó ká gbádùn, alátẹ́gùn ló lọ. Ẹ kó ẹrù sẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ ò ní wọlẹ̀. Tí omi bá kún títì, ọ̀pọ̀ nínú wọn lè gbéra sókè. Irin máa ń gbo èèyàn díẹ̀.

Ibi tó ń náni lówó nìyí: rọ́bà yẹn máa ń gbẹ, á wá sán níbi tó ti ká. Atẹ́gùn á máa jò díẹ̀díẹ̀, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń fún un ní atẹ́gùn á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi láti fi dí i, títí tóun náà á fi jóná. Bó ṣe ṣe tèmi nìyẹn. Iwájú lápá òsì ló kọ́kọ́ ń wọlẹ̀ láàárọ̀. Mẹkáníìkì ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wo gíga ọkọ̀ ni, a pààrọ̀ ẹ̀, ọkọ̀ ṣì ń wọlẹ̀. Ká tó rí ojú ibi tó sán, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti kú. Rọ́bà tí ì bá gba owó kan wá gba owó mẹ́ta.

Nítorí náà, ẹ fi téèpù wọn ọkọ̀ láti féńdà dé ilẹ̀ níbi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀, ẹ tún un wọ̀n láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣíná. Ẹ da omi ọṣẹ sára rọ́bà bíi ti fọ́káníásà. Ibi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ti ń jò.

Irin ńkọ́? Tó bá ṣẹ́, ẹ lọ Àràròmí ní Gate, ẹ ra òmíràn, mẹkáníìkì àdúgbò á dè é.

Àwọn kan ní àwọn ń dúró de ti ọjọ́ iwájú. Ṣọ́ọ̀kì tí epo inú ẹ̀ ní èérún irin, tó ń ki tí iná bá wọ̀ ọ́, ti dé ara ọkọ̀ Cadillac Seville ní 2002. Ní 2004, Bose, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ orin, fi mọ́tò iná rọ́pò ṣọ́ọ̀kì lára Lexus kan. Iṣẹ́ náà wúni lórí gan-an, àmọ́ ó wúwo, ó sì wọ́n, kò dé ọjà.

Tó bá jẹ́ Bódìjà sí Jẹ́ríkò lẹ̀ ń rìn, tẹ́ ẹ sì ní owó àtúnṣe nílẹ̀, alátẹ́gùn á dùn yín. Tó bá jẹ́ Òjòó sí Mọ́níyà, ẹ gba onírin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti ra alátẹ́gùn, gbàrà tí rọ́bà bá ti sán ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kó tó ba kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jẹ́.