Igbó Ọ̀bọ Boabeng-Fiema ní Gánà: ẹ fọwọ́ ara yín san owó abúlé

"Gbogbo ẹ̀ ti wà nínú owó tẹ́ ẹ san." Ohun tí dírẹ́bà iléeṣẹ́ ìrìn-àjò tó kó wa láti Accra ń wí lójú ọ̀nà nìyẹn, títí kan owó tí abúlé ń gbà lọ́wọ́ àlejò. A dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba àlejò, ọ̀dọ́kùnrin amọ̀nà ṣí ìwé ńlá síwájú wa, ó ń fìka tọ ojú ewé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí orúkọ wa, kò sí ti iléeṣẹ́, kò sí kọ́bọ̀. Dírẹ́bà pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní àwọn á fi owó ránṣẹ́ tó bá yá. Amọ̀nà ò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. "Ẹ má bínú," ó ní, "owó yìí la fi ń ṣọ́ igbó." A san án lẹ́ẹ̀kejì, ó já rìsíìtì fún wa níkọ̀ọ̀kan. Orí mi gbóná, àmọ́ kì í ṣe sí amọ̀nà.

Ẹ ní kí iléeṣẹ́ ya owó náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti mọ́tò, ti oúnjẹ, ti abúlé. Ti abúlé yẹn, ẹ mú sídì, owó Gánà, dání, kí ẹ san án níbẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ tiẹ̀ lè dá lọ: Kumasi sí Techiman, Techiman sí Nkoranza, kí ẹ wọ táksí èrò dé Boabeng.

Èyí tó tún dùn mí ni pé ọ̀sán gangan ni dírẹ́bà gbé wa dé. Ẹdun, ẹran ìbejì wa, ewé ló ń jẹ. Tó bá ti yó tí oòrùn sì mú, òkè igi ló ń sinmi. Ìrù funfun tó ń fì wálẹ̀ nìkan là ń rí. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ dé. Ọ̀bọ mona, irú kejì tó wà níbẹ̀, ní tiẹ̀ kì í sá féèyàn, àárín ilé ló ń rìn, ẹ di àpò yín mú dáadáa.

Amọ̀nà ní ká dúró kí oòrùn rọ̀. Ó mú wa lọ sí itẹ́ tí wọ́n ń sin ọ̀bọ tó bá kú sí. Ó ní èèwọ̀ ni pípa wọn láti ayé àwọn bàbá ńlá, àmọ́ nígbà tí àwọn ẹlẹ́sìn tuntun kan ò ka èèwọ̀ náà sí mọ́, ìjọba ìbílẹ̀ ṣòfin lé e ní 1975. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ìyá ẹdun kan sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹ̀ka tó wà lókè orí wa. Dúdú ni òun, ṣùgbọ́n ọmọ tó lẹ̀ mọ́ ọn níkùn funfun báláú. Ó já ewé, ó ń jẹ ẹ́, ó ń wò wá. Kò sí ẹni tó mí nínú wa.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5 fún igbó náà. Iléeṣẹ́ yẹn ò tíì dá owó wa padà.