Tíṣà tó ń wá sílé fún ọmọ tí ìwé kíkà nira fún: ohun tí mo rí ní Ìlọrin

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà àmọ́ tí kò lè ka ojú ìwé kan já, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Ọ̀dọ́bìnrin ni tíṣà yìí, ilé wa ní Tanke ló ń wá. FCE Special tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà tó ń kọ́ ọmọ tó ní ìpèníjà, ló ti kẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí n pè é. Lẹ́sìn àdúgbò tí mo ti ń sanwó fún tẹ́lẹ̀, àtúnkà àti pàṣán nìkan ni wọ́n mọ̀.

Kó tó kọ́ ọmọkùnrin mi ní ohunkóhun, ó ní ká lọ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò ná. A lọ UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, l'Ókè-Òyì, kò sí nǹkan tó ṣe méjèèjì. Ó wá béèrè bó ṣe ń ṣe nílé kéwú. Mo ní Àfáà ń yìn ín: etí ló fi gba àwọn súrà láti Náàsì títí dé Ámà, ó sì há wọn sórí dáadáa, àmọ́ tí wọ́n bá gbé wàláà síwájú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á wọ́. Àǹtí, ìyẹn tíṣà yìí, ní ó jọ dyslexia, pé ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í tètè so lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró rẹ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe òpè. Ó fi kún un pé òun kì í ṣe dókítà, àyẹ̀wò àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ló lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Òótọ́ yẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Á da iyẹ̀pẹ̀ sínú tíréè, ọmọ á máa fi ìka kọ lẹ́tà síbẹ̀, á sì máa pe ìró rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́. "b" àti "d" tó máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn lójú, ọ̀kan ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Wọn ò fọwọ́ kan èkejì títí èyí fi mọ́ ọn lára. Ó gé ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sára páálí kan, tí ọmọ bá gbé e lé ìwé, ìlà kan ṣoṣo ló máa rí. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé kò gbé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi fún ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n ti ń hù. Ìròyìn Kwara United ló ń tẹ̀ wá fún un, ní lẹ́tà gbàǹgbà. Ọmọ tó máa ń fi ìwé pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù sí mi létí bí mo ṣe ń ṣa ẹ̀wà.

Ó tún fi Select to Speak hàn án lórí fóònù Android. Ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Accessibility, ẹ tàn án. Ẹ tẹ àmì rẹ̀, kí ẹ wá fọwọ́ kan ibi tí ẹ fẹ́ kó kà. Á kà á sókè, á sì máa kun ọ̀rọ̀ tó ń kà lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni.

Owó Àǹtí ju ti lẹ́sìn àdúgbò lọ dáadáa. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ti pọ̀ jù. Tí òjò bá rọ̀, ó lè má wá, kò sì ní fi ọjọ́ mìíràn dí i. Kì í kọ́ ìṣirò. Ó tún ní òbí gbọ́dọ̀ jókòó ti ọmọ lálaalẹ́, bẹ́ẹ̀ èmi máa ń ti Ọjà Ìpàta dé lẹ́yìn Ìṣáì. Ẹni tó bá sì ń wá ẹni tí yóò fi ìkánjú múra ọmọ sílẹ̀ fún WAEC, kì í ṣe òun.

Ó bá mi kọ lẹ́tà sí ilé ìwé pé kí wọ́n fi àkókò kún ti ọmọ yìí nígbà ìdánwò. Wọn ò tíì dáhùn. Láti January 2019 ni Ààrẹ Buhari ti buwọ́ lu òfin tó ní kí a má ṣe ya àwọn aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀, nítorí náà mi ò ní yé lọ bá wọn.

Èmi ò ní dá lẹ́sìn yìí dúró. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gba irú tíṣà bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti kẹ́kọ̀ọ́, àti ohun tó máa ń ṣe tí ọmọ bá ṣi lẹ́tà pè. Tó bá ní pàṣán, ẹ má san kọ́bọ̀.