Wọ́n Gba Ìtàn Lọ́wọ́ Bilbo: Àgbéyẹ̀wò Fíìmù Hobbit Tó Kẹ́yìn

Mo sanwó wo The Battle of the Five Armies ní sinimá nígbà tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2014. Mo ra àwo ẹ̀dà gígùn rẹ̀ nígbà tó yá, èmi àti àbúrò mi obìnrin sì tún jókòó wò ó láìpẹ́ yìí. Ọkàn mi kò yí padà. Fíìmù yìí dùn mí, nítorí pé The Hobbit, ìwé tí J.R.R. Tolkien kọ, wà lára àwọn ìwé tí mo fẹ́ràn jù lọ, fíìmù tó yẹ kó parí ìtàn náà sì gba ìtàn ọ̀hún lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Kí n sọ díẹ̀ fún ẹni tí kò tíì ka ìwé náà. Ọdún 1937 ló jáde, orí 19 ló ní, àwọn ọmọdé ló sì kọ ọ́ fún. Bilbo Baggins ló ni ìtàn. Hobbit ni: ẹ̀dá kúkurú, ẹlẹ́sẹ̀ onírun, tó fẹ́ràn oúnjẹ, tó fẹ́ràn ilé rẹ̀, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Oṣó kan tó ń jẹ́ Gandalf kó àwọn aràrá 13 wá bá a lálejò. Wọ́n jẹ oúnjẹ inú ilé rẹ̀ tán, wọ́n wá ní kó bá àwọn lọ sí òkè Erebor, kí àwọn lè gba ìṣúra àwọn baba ńlá wọn padà lọ́wọ́ Smaug, dírágónì tó sùn lé e lórí. Ojú Bilbo la fi ń wo gbogbo nǹkan nínú ìwé yẹn. Bí ẹ̀rù bá bà á, ẹ̀rù á ba àwa náà. Bí ebi bá ń pa á, tó ń rántí ìkòkò omi gbígbóná tó fi sílẹ̀ nílé, àwa náà á fẹ́ padà sílé.

Fíìmù méjì ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe. Guillermo del Toro ni ì bá darí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 2010, Peter Jackson tó darí The Lord of the Rings sì gbà á ṣe. Ní oṣù Keje ọdún 2012, lẹ́yìn tí wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ tán ní New Zealand, ló wá kéde pé ó ti di mẹ́ta. Ìwé ńlá ni The Lord of the Rings, ìdìpọ̀ mẹ́ta ló fi jáde, fíìmù mẹ́ta kò pọ̀ jù fún un. Ìwé kékeré kan ṣoṣo ni The Hobbit. Ẹ ro ìṣẹ́jú 169 ti apá kìíní pọ̀ mọ́ 161 ti apá kejì àti 144 ti apá kẹta, ó kù díẹ̀ kó pé wákàtí mẹ́jọ. Nígbà tí apá kejì parí, tí Smaug gbéra láti lọ jó ìlú orí omi, orí mẹ́fà péré ló kù nínú ìwé. Orí mẹ́fà yẹn ni wọ́n fẹ́ fi kún odindi fíìmù kan.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára gan-an, n kò ní sẹ́ ẹ. Smaug, tí Benedict Cumberbatch fohùn fún, rọ̀jò iná lé ìlú náà lórí lóru. Àwọn ilé onígi ń jó, àwọn ènìyàn ń bẹ́ sínú omi. Bard, tafàtafà ará ìlú náà, gun orí ilé ìṣọ́ lọ, ọrun rẹ̀ ṣẹ́, ló bá gbé ọfà irin dúdú tó kù lé èjìká ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó ní kí ọmọ náà máa wo ojú òun. Mi ò lè mí títí ọfà yẹn fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Smaug ti kú kí orúkọ fíìmù tó hàn. Ọdún kan gbáko la fi dúró de ohun tó yẹ kó jẹ́ òpin apá kejì. Dírágónì tí wọ́n ti fi ń dẹ́rù bà wá láti apá kìíní ti lọ, fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọ̀tá mìíràn tí ẹ̀rù rẹ̀ tó tirẹ̀ títí dé òpin.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀. Thorin, olórí àwọn aràrá, wọ inú ìṣúra náà, wúrà sì gba orí rẹ̀. Richard Armitage ló ṣe é, ó sì ṣe é débi pé àánú rẹ̀ ń ṣe mí bí ẹ̀rù rẹ̀ ṣe ń bà mí. Ohùn rẹ̀ yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àwọn tó bá a jìyà ọ̀nà pé ọ̀kan nínú wọn ló jí Arkenstone pamọ́, òkúta iyebíye tó jẹ́ ti ọba. Ó rí Bilbo níbi tó ti ń wo nǹkan kan lọ́wọ́, ó sáré bá a, ó ní kó fi ohun tó mú hàn òun. Bilbo la ọwọ́: èso igi óákù kan ni, láti inú ọgbà Beorn, ọkùnrin tó lè di béárì. Ó ní òun fẹ́ gbìn ín sílé. Ojú Thorin rọ̀, ó rẹ́rìn-ín, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ọ̀rẹ́ wa àtijọ́ tún padà wá. Èso kan àti ẹni méjì péré ni, kò sí ariwo níbẹ̀. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ìyókù fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí Bilbo gan-an ló mú Arkenstone. Bard àti ọba àwọn Elf, ẹ̀yà kan tó ń gbé inú igbó, ti kó ọmọ ogun wá béèrè ìpín nínú ìṣúra náà, Bilbo sì gbé e fún wọn lóru kí wọ́n lè fi bá Thorin dúnàádúrà, kí ogun má bàa ṣẹlẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo ìwé náà ń lọ. Ẹni kékeré tí kò ní agbára kankan fi ìpín tirẹ̀ nínú ìṣúra ra àlàáfíà, ó sì mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun lè pa òun nítorí rẹ̀. Nínú ìwé, ọba Elf rọ̀ ọ́ pé kó dúró lọ́dọ̀ àwọn, níbi tí ewu kò ti ní í dé bá a. Bilbo dúpẹ́, ó kọ̀. Ó ní kò yẹ kí òun fi àwọn ọ̀rẹ́ òun sílẹ̀ báyìí, àti pé òun ti ṣèlérí fún Bombur pé òun á jí i lọ́gànjọ́ òru. Ó padà lọ jí Bombur lóòótọ́. Ẹ wo irú ìwà bẹ́ẹ̀! Fíìmù náà ṣe ìrìn òru yẹn, Martin Freeman sì ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n sáré kọjá lórí rẹ̀, kò sí ìlérí Bombur níbẹ̀. Bombur fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lanu sọ̀rọ̀. Wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n ní lọ́wọ́, wọn kò rí àyè fún èyí.

Ogun ni wọ́n rí àyè fún. Nínú ìwé, ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí òkúta bá Bilbo lórí, ó dákú. Nígbà tó lajú, ogun ti parí, òun nìkan ló wà láàárín òkú. Tolkien kò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò mọ ogun. Ó wà lójú ogun Somme ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1916. Ó mọ bó ṣe rí, ó sì yàn láti má fi ọ̀pọ̀ ojú ìwé ṣe é, kó lè fi wọ́n ṣe àwọn ohun tí ogun fi sílẹ̀. Peter Jackson yí i padà pátápátá. Ogun náà gùn débi pé ojú mi rẹ̀. Àwọn kòkòrò ńlá kan tí wọ́n ń jẹ ilẹ̀ yọ sókè, wọ́n ṣí ọ̀nà fún àwọn Orc, ẹ̀dá búburú tó wá gbógun tì wọ́n, a kò sì tún rí wọn mọ́. Dain, ìbátan Thorin, dé, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀, mo sì rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ojú ènìyàn kọ́. Legolas, ọmọ ọba àwọn Elf, tí kò sí nínú ìwé yìí rárá, ń sáré gun òkúta ilé tó ń wó bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Níbo ni Bilbo wà ní gbogbo àsìkò yìí? Ó farahàn níhìn-ín, ó farahàn lọ́hùn-ún, wọ́n tún gbàgbé rẹ̀.

Àbúrò mi ló bi mí pé ta ni Azog olórí Orc yìí gan-an tí gbogbo nǹkan fi di tirẹ̀. Ìbéèrè tó dára ni. Nínú ìtàn Tolkien, Dain ti pa Azog ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ìrìn àjò yìí tó wáyé. Bolg ọmọ rẹ̀ ló kó ogun wá. Wọ́n jí Azog dìde nítorí wọ́n fẹ́ ọ̀tá tí Thorin máa bá jà lójúkojú, torí náà ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti wúrà, ti ojúkòkòrò àti ti ìdáríjì di ọ̀rọ̀ ẹ̀san láàárín ọkùnrin méjì lórí omi dídì.

Èyí tí n kò lè dárí jì wọ́n ni ikú Fili àti Kili, méjì nínú àwọn aràrá náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ni Thorin. Nínú ìwé, gbólóhùn kan ṣoṣo ni Tolkien fi sọ ọ́: àwọn méjèèjì fi asà àti ara wọn dáàbò bò ó títí wọ́n fi ṣubú, nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ni. Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà láàárín ẹbí mọ ohun tó wà nínú gbólóhùn yẹn. Nínú fíìmù, ọwọ́ tẹ Fili, Azog gún un níṣojú àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì jù ú sílẹ̀. Kili ní tirẹ̀ kú níbi tó ti ń gbìyànjú láti gba Tauriel sílẹ̀, obìnrin jagunjagun Elf tí wọ́n ṣẹ̀dá fún fíìmù. Kò sí èyí tó kú níwájú Thorin pẹ̀lú asà lọ́wọ́. Ìfẹ́ tó so wọ́n pọ̀ láti ilé, wọ́n fi ìfẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Mi ò bínú sí Tauriel fúnra rẹ̀. Kò sí obìnrin tó ń rin ìrìn àjò nínú ìwé náà, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin rí ẹnì kan. Evangeline Lilly ṣiṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n jagunjagun tó mọṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹkún lórí òkú ni wọ́n fi parí tirẹ̀, wọn kò tilẹ̀ sọ ibi tó gbà lọ. Ti Alfrid ni n kò rí ìdí rẹ̀ rárá. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀dá fún fíìmù ni, ojo tó di wúrà sáyà tó sì wọṣọ obìnrin. Ìgbà gbogbo ni wọ́n ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn aràrá 13 kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ.

Beorn ńkọ́? Nínú ìwé, òun ló yí ogun padà. Ó dé gẹ́gẹ́ bí béárì ńlá, ó gbé Thorin tó ti fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ogun jẹ́jẹ́, ó padà wá, ó sì pa Bolg. Nínú fíìmù, ó já bọ́ láti ẹ̀yìn ẹyẹ idì, ó di béárì kó tó balẹ̀, ó tán. Ẹni tó bá ṣẹ́jú kò ní rí i.

Ní ọ̀dọ̀ Thorin tó ń kú lọ ni Bilbo ti padà di oní-ìtàn. Thorin tọrọ ìdáríjì. Ó ní tí àwọn ènìyàn púpọ̀ sí i bá ka ilé sí ju wúrà lọ, ayé ì bá dùn ju báyìí lọ. Martin Freeman sunkún, èmi náà sunkún, mo sì ń sunkún níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá wò ó. Lẹ́yìn rẹ̀, Gandalf wá jókòó tì í, ó ń ha ìkòkò tábà rẹ̀, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Àwọn òṣèré yìí kò ní ẹ̀bi kankan.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jáde ní sinimá, ìbéèrè pọ̀ lọ́kàn mi. Ta ló jọba ní Erebor? Kí ló dé bá Arkenstone? Kí ni wọ́n fi wúrà tí gbogbo èèyàn kú lé lórí ṣe? Orí méjì tó parí ìwé dáhùn gbogbo rẹ̀: wọ́n sin Thorin pẹ̀lú òkúta náà láyà, Dain jọba, Bard gba ìpín rẹ̀, ó sì fi tún ìlú kọ́, Bilbo kò gbà ju àpótí kékeré méjì lọ. Fíìmù tí wọ́n gbé sí sinimá kò sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Dípò rẹ̀, ọba Elf ní kí Legolas lọ wá Aragorn, akọni inú The Lord of the Rings, ní àríwá, ẹni tó jẹ́ pé ọmọ ọdún 10 ni nígbà náà tí a bá fi ọdún inú ìwé ṣe ìṣirò.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ò rọrùn fún wọn. Nínú àlàyé tó bá àwo ẹ̀dà gígùn rìn, Jackson fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò rí àyè múra sílẹ̀ bí òun ṣe múra fún The Lord of the Rings, débi pé wọ́n ní láti sún yíya ogun náà síwájú. Mo bọ̀wọ̀ fún un pé ó sọ ọ́. Ó tún jẹ́ kí n bínú sí i, torí fíìmù méjì ì bá fún un láyè náà. Owó wọlé lóòótọ́, ó ju 950 mílíọ̀nù dọ́là lọ. The Return of the King, fíìmù tó parí The Lord of the Rings, gba Oscar 11. Èyí, ipò kan ṣoṣo ni wọ́n ti dárúkọ rẹ̀, ti títún ìró ṣe, kò sì gbà á.

Bí ẹ bá fẹ́ wò ó ṣá, ẹ̀dà gígùn tó jáde ní 2015 ni kí ẹ wá. Ó ní ìsìnkú Thorin nínú, ẹ ó rí Arkenstone láyà rẹ̀, èyí tó yẹ kó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi han àwọn ọmọdé o: ìpànìyàn tí wọ́n fi kún un pọ̀ débi pé ìpele R, tí kì í ṣe ti ọmọdé, ni wọ́n fún un ní Amẹ́ríkà. Ìwé ọmọdé ni wọ́n sọ dà bẹ́ẹ̀. Fún àwọn ọmọ, ìwé náà wà, láti orí 14 títí dé òpin kò gba ju ìrọ̀lẹ́ méjì mẹ́ta lọ láti kà sókè.