Krjavelj àti ewúrẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí n ka Deseti brat parí

Ká sọ òótọ́, àwọn olólùfẹ́ inú Deseti brat, ìwé ìtàn àròsọ láti ilẹ̀ Slovenia, fẹ́rẹ̀ẹ́ kùn mí lóorun. Lovre Kvas, akẹ́kọ̀ọ́ tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, lọ ń kọ́ ọmọ ilé ọlọ́lá kan níwèé ní Slemenice, ojú rẹ̀ sì kúkú bọ́ sára Manica, ọmọbìnrin ilé náà. Ìyókù, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ìgbà tí wọ́n dé ilé ọtí Obrščak ni mo tó gbéra jókòó dáadáa. Krjavelj wà níbẹ̀, tálákà tí kò ní ju ahéré kan àti Dimka, ewúrẹ́ rẹ̀, tó ń búra pé òun gé Sàtánì sí méjì. (Sàtánì ni mo ní o, ẹ má fi Èṣù tiwa kún un.) Bí wọ́n ṣe ń fi í ṣẹ̀sín tó, bẹ́ẹ̀ ni irọ́ náà ń lójú sí i. Mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ mi fi jí. Dolef tún wà, ìbátan Manica tí ọtí ti sọ di ẹrù sílé onílé. Ta ni kò ní irú rẹ̀ nínú ẹbí?

Ọmọ abúlé Muljava ni Josip Jurčič, ẹni ọdún 22 sì ni nígbà tí ìwé yìí jáde ní 1866. Ìwé náà ni ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ lédè Slovenia. Ó dá mi lójú pé Jurčič ti jókòó ti àwọn àgbà òpùrọ́ nídìí ọtí dáadáa.

"Arákùnrin kẹwàá" ni orúkọ ìwé náà. Ìgbàgbọ́ àwọn ará oko ibẹ̀ ni pé ọmọkùnrin kẹwàá tí ìyá kan bá bí gbọ́dọ̀ filé sílẹ̀, kó máa rìn káàkiri, kó sì máa rí ohun tí ń bọ̀. Àwa náà ń wo ipò tí ọmọ bá wáyé ká tó pè é ní Ìdòwú tàbí Àlàbá, ṣùgbọ́n kí ipò lé ọmọ jáde nílé! Martinek Spak ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn yìí, inú sì ń bí i sí bàbá tó kọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ̀rín ti dá mọ́ mi lẹ́nu. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀fẹ́ ni mo kà á lórí Wikivir, ibi ìkówèésí orí íńtánẹ́ẹ̀tì lédè Slovenia, mo sì ń fi ẹ̀rọ atúmọ̀ èdè orí fóònù tú u ní orí kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ náà ba àwàdà mélòó kan jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ Krjavelj kó tó yé mi.

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹyọ kan tó kù, Lovre àti Manica ló jẹ ẹ́.