Ìpara àsúnwọ̀n òyìnbó láti ọjà Ojúwòyè

Láàárín àwọn eléwé ọmọ tó wà ní ọjà Ojúwòyè ní Mushin, a ti rí àwọn tí kì í ta ewé tútù àti egbò nìkan mọ́, tí wọ́n ń fi ewé àti òdòdó ṣe ìpara sínú ike. Ọ̀kan nínú wọn ni mo ra ìpara àsúnwọ̀n òyìnbó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ₦2,500, nítorí lápálápá tó yọ sí mi lápá.

Igi kúkúrú ni àsúnwọ̀n òyìnbó, òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè sì máa ń nàró ṣánṣán bí àbẹ́là. Ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà wa ti ń gún ewé rẹ̀ sí lápálápá, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba orílẹ̀-èdè Philippines kà á mọ́ ewé mẹ́wàá tí wọ́n fọwọ́ sí, tí wọ́n sì ń fi ṣe ọṣẹ níbẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni àwọn èròjà bíi chrysophanol, tí kì í jẹ́ kí fungus tó ń fa lápálápá ráyè gbèrú. Èròjà yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yòrò nínú omi, ìdí nìyẹn tí mo fi gba ti ìyá tó ń ṣe ìpara náà: kì í se ewé lómi, ńṣe ló ń sá a gbẹ síbi òjìji, tí á sì rẹ ẹ́ sínú àdí àgbọn lórí iná díẹ̀díẹ̀ kó tó po òrí mọ́ ọn. Níwọ̀n bí kò ti sí omi nínú rẹ̀, kì í tètè hu èbu.

Yíyún ló kọ́kọ́ dẹwọ́ lára mi, etí lápálápá náà sì rọlẹ̀ lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpá rẹ̀ pẹ́ kó tó parẹ́. Ẹ má ṣe fi í para kí ẹ wọ aṣọ funfun o, àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí bọ̀rọ̀.

Ibi tí mo ti bá ìyá náà jiyàn ni pé ó ní ó ń wo irorẹ́, ó ń mú ara mọ́lẹ̀, ó sì ń wo lápálápá orí ọmọdé. Ti orí yìí ló burú jù, nítorí fungus náà máa ń wọ inú irun fúnra rẹ̀, níbi tí ìpara kò lè dé, oògùn oníhóró tí dókítà bá kọ ló sì ń wò ó. Kò sí nọ́ńbà NAFDAC lára ike náà, kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kí ó kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá, kí ó sì dúró di ọjọ́ kejì, kí ó má sì fi kan egbò tútù.

Ike kékeré ni kí ẹ rà. Ìyá náà kì í bínú bí ẹ bá ní kó ṣí i kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí òrí rẹ̀ bá ti ń kan, ẹ béèrè òmíràn.