Òpó Fáíbà Mítà 10 fún Áńtẹ́nà: Mítà 8 Ni Mo Ń Lò

Wọ́n kọ "10 m" gàdàgbà sára òpó yìí, tí mo fi ń gbé áńtẹ́nà rédíò mi sókè. Mítà 8 péré ni mò ń gbé sókè, mi ò sì kábàámọ̀ owó tí mo ná lé e lórí. Ẹni tó fẹ́ rà á nítorí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára ni mo ń kọ èyí fún, àti ẹni tó ń gbèrò láti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú rẹ̀. Ohun tó dára nínú iṣẹ́ yìí àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, ibì kan náà ni wọ́n ti ń wá: oríkèé, ìyẹn ibi tí ọ̀pá kan ti há mọ́ èkejì.

Fún ẹni tí kò tíì rí irú rẹ̀ rí, ọ̀pá oníhò mẹ́wàá ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yọ jáde láti inú èyí tó fẹ̀ jù ú lọ. Bí a bá tì wọ́n wọnú ara wọn tán, gbogbo rẹ̀ fi díẹ̀ gùn ju mítà kan lọ, ó sì wọn nǹkan bíi kílò méjì. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 55, èyí tó wà ní ṣóńṣó orí kò ju mìlímítà 5 lọ. Fáíbà oní-fọ́nrán gíláàsì ni látòkè délẹ̀, kò sí irin kankan nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo rà á fún ò le: kó gbé àárín dáípólù (áńtẹ́nà oní-wáyà tó ní apá méjì) dúró fún mi níta, lórí báǹdì (ìpín ìgbì rédíò) mítà 40 àti mítà 20, kí n sì lè gbé e kọ́ èjìká gun òkè. Àwọn tó ń ṣe SOTA (Summits on the Air), ètò gígun òkè lọ fi rédíò sọ̀rọ̀ tó ti wà láti ọdún 2002, mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹni lèèyàn fi ń gbé ẹrù dé orí òkè níbẹ̀. Bí ẹrù bá fi kílò kan lé, ẹ̀yìn ẹni ló máa sọ fúnni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá ìpẹja ni wọ́n fi ṣe òpó yìí (àwọn tó ń kọjá a máa bi mí pé ẹja wo ni mo wá pa lórí òkè), ọ̀pá méjì tó kẹ́yìn sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń tẹ̀, wọn ò lè gbé nǹkan gidi. Kébù RG-58 (irú èyí tó so rédíò mọ́ áńtẹ́nà) tó gùn ní mítà 8 ń lọ sí bíi gíráàmù 300. RG-213 yóò ju kílò kan lọ. RG-174 ló fúyẹ́ jù, kò ju bíi gíráàmù 100 lọ, àmọ́ agbára tó ń jẹ lójú ọ̀nà pọ̀ ju ti àwọn yòókù. Ẹ wá fi ìwúwo àárín dáípólù kún un, àti bí apá wáyà méjèèjì ṣe ń fà á sí ọ̀tún sí òsì. Kò sí èyí tí ọ̀pá oní-mìlímítà 5 lè dúró dè nínú wọn.

Nítorí náà, mo tú ìdérí ìdí òpó, mo sì fa ọ̀pá méjì yẹn jáde láti ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà jáde, wọn kì í gba òkè. Èyí tó wá di orí òpó báyìí fẹ̀ tó mìlímítà 16, ó sì ń gbé RG-58 láìjanpata.

Kí ni mo pàdánù? Lórí 14 MHz, ìyẹn báǹdì mítà 20, ìgbì kan gùn tó mítà 21. Dáípólù tó nà gbọọrọ ní mítà 10 sókè ilẹ̀ tó dára máa ń ju èyí tó lágbára jù nínú ohùn rẹ̀ sí ojú òfuurufú ní nǹkan bíi dígírì 32. Ní mítà 8, ó di bíi 41. Bí dígírì yìí bá ṣe kéré tó ni ohùn ń jìnnà tó. Ẹni tó ń lépa ibi tó jìnnà gan-an yóò rí ìyàtọ̀ yẹn, mi ò bá a jiyàn. Àmọ́ lórí 7 MHz, ìyẹn báǹdì mítà 40, ì báà jẹ́ mítà 10, ì báà jẹ́ mítà 8, òkè tààrà ni púpọ̀ nínú ohùn náà ń lọ, tó sì ń padà sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tí kò jìnnà síni. Mítà méjì ò yí ìyẹn padà.

Ohun tí gíga ń ṣe ní tèmi ni pé ó ń jẹ́ kí orí wáyà, ìyẹn ibi tí apá kọ̀ọ̀kan parí sí, jìnnà sílẹ̀. Dáípólù 7.1 MHz gùn ní nǹkan bíi mítà 20, ìyẹn mítà 10 ní apá kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá so àárín rẹ̀ mọ́ mítà 8, tí apá méjèèjì ya ara wọn ní dígírì 120, orí wáyà yóò wà ní mítà 3 sílẹ̀. Bí mo bá fún wọn pọ̀ di dígírì 90, orí wáyà á sọ̀ kalẹ̀ débi tí kò ní tó mítà kan sílẹ̀ mọ́, ọwọ́ ọmọdé á sì tó o. Orí wáyà yẹn gan-an sì ni fóltéèjì ti ń ga jù nígbà téèyàn bá ń sọ̀rọ̀ jáde. Dígírì 120 ni mo ń lò, kódà níbi tí ààyè ò bá fẹ̀ púpọ̀.

Ó yá, oríkèé. Kò sí kọ́kọ́rọ́, kò sí bóòtù. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan fẹ̀ díẹ̀ ní ìdí ju orí rẹ̀ lọ, nítorí náà ìdí èyí tó wà nínú máa ń há sí ẹnu èyí tó wà lóde. Híhá yẹn nìkan ló ń gbé gbogbo òpó dúró. Láti orí lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù kọ́kọ́. Ẹ rọra fà á títí yóò fi kù díẹ̀ kó há, kí ẹ wá fi ọwọ́ kan di ti ìsàlẹ̀ mú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì yí ti òkè bí ẹní ń fún aṣọ, bẹ́ẹ̀ lẹ ó máa fà á lọ. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ nígbà tó bá há: ó máa dún gíún lẹ́ẹ̀kan, yíyí á sì kọ̀. Ẹ mì í. Bó bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, kò tíì há. Ẹni tó bá kàn já a fà láìyí i, òpó á dúró fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀, títí afẹ́fẹ́ á fi mì í jẹ̀jẹ̀, tí ọ̀pá kan á sì rì wọnú èkejì. Bí ọ̀kan bá ti rì báyìí, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ á tú èyí tó wà lókè rẹ̀ náà.

Mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà yí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ká, ní ojú ibi tí ẹnu èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń dé nígbà tó bá há dáadáa. Láti ibi tí mo jókòó sí nídìí rédíò ni mo ti ń wo ìlà wọ̀nyẹn. Èyí tó bá ti pòórá ti rì nìyẹn. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ṣe é ò fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wá.

Yanrìn ni ọ̀tá oríkèé. Díẹ̀ tó bá bọ́ síbẹ̀ ò ní jẹ́ kó há, á sì máa ha ara ọ̀pá. Aṣọ gbígbẹ ni mo fi ń nu ọ̀pá kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń tì í wọlé. Ẹ má fi òróró tàbí gíríìsì kàn án láé, nítorí híhá tí òpó fi ń dúró ni ẹ máa bà jẹ́. Bó bá há jù tí kò wọlé mọ́, ẹ yí i sí òdì kejì, kí ẹ rọra fi ìdí òpó gbá pákó nílẹ̀. Púláyà kò gbọ́dọ̀ kàn án. Fọ́nrán inú fáíbà yìí, òòró ni púpọ̀ nínú wọn lọ, nítorí náà bí ẹnu ọ̀pá bá sán pẹ́nrẹ́n, sísán náà á máa gùn lọ sísàlẹ̀.

Lórí oríkèé mẹ́rin ìsàlẹ̀, kílíìpù họ́ọ̀sì ti àwọn mẹkáníìkì ni mo fi ràn án lọ́wọ́. Mi ò dè é mọ́ ẹnu ọ̀pá òde. Ara ọ̀pá inú ni mo dè é mọ́, kó jókòó lé ẹnu ti òde, kí ti inú má bàa lè rì mọ́. Mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ sáàárín, mo sì ń fi sukudiráífà fún kílíìpù títí rọ́bà á fi wú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílíìpù, mi ò ní kọjá bẹ́ẹ̀. Ní òkè, téèpù àwọn oníwáyà ti tó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ò ti fọkàn sí i ni okùn ìdè. A rò pé ìdúróṣánṣán nìkan ni okùn ń fún òpó. Ó ń tì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo okùn tí a bá fà le, apá kan nínú agbára rẹ̀ ń tẹ òpó sísàlẹ̀, oríkèé ló sì ń rù ú. Mítà 5 ni mo ń so okùn mẹ́ta mọ́, lókè oríkèé tí mo ti fi kílíìpù sí. Bí èèkàn bá jìnnà sí ìdí òpó ní mítà 5, títì sísàlẹ̀ àti fífà sẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí mo bá sún èèkàn wá sí mítà méjì àbọ̀ nítorí àìsí ààyè, títì sísàlẹ̀ di ìlọ́po méjì fífà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òpó kan náà, okùn kan náà, ṣùgbọ́n ìyà oríkèé ti pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí èèkàn jìnnà, kí okùn má sì le ju bó ṣe yẹ lọ. Okùn náilọ́nù ń nà jù fún iṣẹ́ yìí, poliẹ́sítà dára jù ú lọ.

Atẹ́gùn ńkọ́? Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti òpó á di ìlọ́po mẹ́rin. Fún mítà 8, tí a bá fojú bù ú pé ìbú òpó láàárín jẹ́ mìlímítà 35, atẹ́gùn tó ń sáré mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á fi nǹkan bíi ìwúwo kílò méjì tì í. Bí ó bá di mítà 20, ó ti ju ìwúwo kílò mẹ́jọ lọ, a ò sì tíì ka wáyà mọ́ ọn. Ní ti èkíní, òpó mi ń jó díẹ̀, kò sì sí wàhálà. Bí mo bá rí i pé èkejì ń bọ̀, mo ti sọ ọ́ kalẹ̀.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló dé tí mi ò ra alumíníọ̀mù. Alumíníọ̀mù kì í tẹ̀ bíi fáíbà, oríkèé rẹ̀ sì ṣeé fún pa. Àwọn ọ̀pá rẹ̀ tí ògiri wọn nípọn tó mìlímítà 1.47, tí ìbú wọn sì ń fi bíi 3.2 ju ara wọn lọ, ń wọnú ara wọn pẹ̀lú ààyè tí kò tó ìdá mẹ́ta mìlímítà kan. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ṣùgbọ́n iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni kábọ̀n fáíbà, wọ́n á sì da wáyà tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọn gòkè láàmú. Pẹ̀lú fáíbà oní-gíláàsì tèmi, mo lè so wáyà mọ́ ara òpó lóòró láìbẹ̀rù. Ibẹ̀ nìkan ni ọ̀pá méjì tí mo yọ ti wúlò: wáyà òòró tó jẹ́ ìdámẹ́rin ìgbì lórí 7 MHz gùn ní mítà 10, bó bá sì jẹ́ wáyà tín-ín-rín, tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, ṣóńṣó yẹn á gbé e.

Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́, mi ò ní fi gígùn kún un. Ìbú ìdí rẹ̀ ni màá fi kún. Bí ìbú ọ̀pá oníhò bá di ìlọ́po méjì tí ògiri rẹ̀ ò yí padà, ìwúwo á di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n líle rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Màá tún fi òwú fáíbà we ẹnu ọ̀pá kọ̀ọ̀kan yíká, kó má lè sán. Òrùka okùn tí wọ́n fi sínú ọjà yìí, àfi kí n jù ú nù: ihò rẹ̀ mú bí abẹ, ó ń gé okùn. Síìpù àpò rẹ̀ náà kò níláárí. Oòrùn sì ń jẹ ara fáíbà tí a ò kùn, títí fọ́nrán á fi máa gún èèyàn lọ́wọ́, nítorí náà ẹ kùn ún kí ó tó pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ààbò ò gùn. Níbi tí wáyà iná bá wà, ẹ jìnnà sí i ju gbogbo gíga òpó lọ, kí ó má lè kàn án bó bá tilẹ̀ ṣubú. Bí àrá bá ti ń sán lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ sọ òpó kalẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ gbé Yagi (áńtẹ́nà ọlọ́pọ̀ apá) tó wúwo kó wá nǹkan mìíràn. Ẹni tó fẹ́ òpó tí yóò wà lóde láti ọdún dé ọdún náà, kó wá nǹkan mìíràn. Fún dáípólù tí à ń gbé rìn, màá tún un rà, pàápàá nítorí pé wọ́n ń ta ọ̀pá rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá kẹta láti òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ ra àfikún rẹ̀ pamọ́, torí bí ẹ bá yọ méjì àkọ́kọ́, òun ni gbogbo ẹrù ń bọ́ lé.